Ikùn Ni Wọ́n Gé, Wọn Ò Gé Ojú: Bẹ́ẹ Ṣe Máa Jẹun Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ìsanra

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́ ká tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi, àwọn ará wa kan ń sọmọ lórúkọ ní Nyanya, ní Abuja níbí, mo wọ léèsì mi, mo wé gèlè, inú mi ń dùn pé aṣọ ti ń tóbi jù mí, ni wọ́n bá gbé àmàlà síwájú mi, gbẹ̀gìrì àti ewédú lórí ẹ̀, ẹja kan wà níbẹ̀ tó ń wò mí lójú. Mo ní kí n kàn tọ́ ọ wò. Òkèlè kan péré ni mo dá o, irú òkèlè tí mo ti ń dá látìgbà tí mo ti gbọ́njú, mo yí i nínú ọbẹ̀, mo gbé e mì. Kò lọ. Ó dúró sí àárín àyà mi bí ìgbà tí òkúta há páìpù, itọ́ ń ṣe fòòfòò lẹ́nu mi, òógùn bò mí, mo sá wọ báfúrúùmù àwọn onílé, mi ò jáde fún bí ìdajì wákàtí. Ìgbà tí mo máa jáde, àwọn ìyá méjì ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ọ̀kan ní "a ti mọ̀, má wulẹ̀ dá wa lóhùn, Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀." Oyún ni wọ́n rò pó ń bì mí.

Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí. Sleeve ni wọ́n ṣe fún mi. Níbi sleeve, wọ́n máa ń gé bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpò oúnjẹ dànù, ó tiẹ̀ máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, èyí tó kù á wá rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ti bypass yàtọ̀, àpò kékeré kan tí ò ju ẹyin lọ ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ lókè, wọ́n á wá fa ìfun wá so mọ́ ọn, kí oúnjẹ má gba ọ̀nà àtijọ́ mọ́. Ibi tí wọ́n gé kúrò nínú sleeve yẹn náà ni èròjà tó ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ń pa wá ti ń jáde jù, ìdí nìyẹn tí ebi fi máa ń sá lọ pátápátá láwọn oṣù àkọ́kọ́, èèyàn á gbàgbé oúnjẹ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo gígé tí wọ́n gé, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ojú wa. Ojú tó ń wo abọ́ tó ń sọ pé kò tíì kún, ojú yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ọwọ́ tó ń dá òkèlè náà ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Dókítà ò lò ju bíi wákàtí méjì lọ lórí ikùn mi, èmi lo ọdún kan gbáko lórí ojú àti ọwọ́.

Torí náà ohun tí mo fẹ́ sọ níbí, ọ̀rọ̀ ojú àti ọwọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà o, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni mí tó ń gbé Kubwa, ìwé tí ọsibítù yín bá fún yín ló ga ju tèmi, tí tèmi bá ta ko tiwọn, ẹ fi tèmi sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́

Ìwé tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí mò ń lọ sílé, oúnjẹ òyìnbó ló kún inú ẹ̀. Jẹ́lì, kọ́téèjì ṣíìsì, súùpù inú agolo. Mo jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wò ó, ọkọ mi ní níbo la ti fẹ́ rí kọ́téèjì ṣíìsì ní Kubwa báyìí. Ìyá mi tó ti Ìlọrin wá tọ́jú mi ló gba ìwé yẹn, ó ní kí n túmọ̀ ẹ̀ fóun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo èyí tí mo bá kà, á ní "ahn, ẹ̀kọ nìyẹn", "ahn, wàrà nìyẹn". Bá a ṣe yanjú ẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ kìíní àti ìkejì, nǹkan tó mọ́ gaara ni: omi, tíì tí ò ní mílíìkì, omi ẹja tàbí omi ẹran adìyẹ tẹ́ẹ ti sẹ́, tẹ́ẹ sì ti fi ṣíbí kó ọ̀rá orí ẹ̀ kúrò. Láti ibẹ̀ títí dé òpin ọ̀sẹ̀ kejì, ohunkóhun tó bá ń ṣàn, tí ò ní kókó nínú. Ẹ̀kọ gbígbóná wọlé dáadáa níbí, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ jẹ́ kó ṣàn bí omi, kẹ́ẹ má fi súgà sí i, kẹ́ẹ sì rántí pé ẹ̀kọ lásán ò ní agbára púpọ̀ tó ń tún ara ṣe, ẹ bù mílíìkì oníyẹ̀fun tí ọ̀rá ẹ̀ ti dínkù sí i tàbí kẹ́ẹ fi mílíìkì sóyà pò ó. Kunu náà ń ṣàn, mo mọ̀ pé ẹ ti ń ronú ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà nínú ike lẹ́bàá títì, ata àti atalẹ̀ inú ẹ̀ pọ̀, súgà ẹ̀ sì tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ se tiyín nílé tàbí kẹ́ẹ fi sílẹ̀ ná.

Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin ni wọ́n ní kí gbogbo nǹkan kúnná bí oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Ibí yìí ni inú mi ti dùn jù. Nọ́ọ̀sì ń ṣàlàyé fún mi lórí fóònù pé kí n rẹ ẹ̀wà, kí n bó o, kí n sè é títí tó máa fi yọ́, kí n wá sẹ́ ẹ kó má ku èèpo kankan, mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní màámì, gbẹ̀gìrì lẹ̀ ń sọ yẹn. Bàtànì ṣíṣe ẹ̀ nìyí: ẹ bó ẹ̀wà kọ́ọ̀bù kan kó mọ́, ẹ sè é láìsí kánhún títí tẹ́ẹ ò fi ní rí horo kankan mọ́, ẹ lọ̀ ọ́ ní bílẹ́ńdà, ẹ sẹ́ ẹ. Ṣíbí tíì kan epo pupa tó gbogbo ìkòkò, ẹ má fi ata sí i ní ọ̀sẹ̀ yẹn rárá, iyọ̀ díẹ̀, ẹ wá lọ edé gbígbẹ tàbí ẹja gbígbẹ tẹ́ẹ ti yọ egungun ẹ̀ kó di ìyẹ̀fun, ẹ bù ú sí i. Ṣíbí méjì sí mẹ́ta ni mò ń jẹ lẹ́ẹ̀kan, mi ò sì lè jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyókù, inú àwo tí wọ́n ń fi ṣe áìsì kúbù ni mo máa ń dà á sí, ihò kan tó bíi ṣíbí méjì, nítorí náà mi ò nílò láti máa wọn nǹkan kan, ihò kan ni oúnjẹ kan, ó parí. Tí iná bá wà ṣá o.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà, nǹkan rírọ̀: ẹyin tẹ́ẹ sè tẹ́ẹ fọ́ túútúú, mọ́ínmọ́ín tó rọ̀ tí epo ò pọ̀ nínú ẹ̀, ẹja tútù tẹ́ẹ sè kì í ṣe èyí tẹ́ẹ dín, píà, wàrà tí ò tíì le. Awara sóyà tí àwọn Hausa ń tà náà dáa, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ gba èyí tí wọn ò tíì dín, kẹ́ẹ lọ fi omi ọbẹ̀ sè é nílé. Láti ọ̀sẹ̀ keje sí ìkẹjọ lọ, oúnjẹ ilé lẹ ó máa dán wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, oúnjẹ tuntun kan lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ẹ lè mọ èyí tó ń bá yín jà.

Ẹni tó bá ní ara òun ti yá, tó fo ìpele kan, ẹ rántí báfúrúùmù Nyanya. Èmi tiẹ̀ ṣoríire, ìtìjú àti ìbẹ̀rù nìkan ni mo fi san án. Ojú ibi tí wọ́n gé tí wọ́n rán nínú lọ́hùn-ún ṣì ń jiná lásìkò yẹn, kì í ṣe ohun tá à ń fi agídí dán wò.

Omi

Omi dà mí láàmú ju oúnjẹ lọ, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Wọ́n ní lítà kan àbọ̀ sí méjì lóòjọ́, ìyẹn píọ̀ wọ́tà mẹ́ta sí mẹ́rin, èmi tí mo máa ń fi eyín gé ẹnu píọ̀ wọ́tà tí mo sì máa fà á tán ní ìmí kan. Ní báyìí, bẹ́ẹ bá gbé e mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àyà á ká yín. Ohun tó gbà mí ni kọ́ọ̀bù kékeré orí ìgò oògùn ikọ́, èyí tí wọ́n fàmì sí lára. Mílílítà 30 ló ń gbà. Mo fi álámù sórí fóònù mi, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo máa rọra mu kọ́ọ̀bù kan, díẹ̀díẹ̀, kò sí fífi sitírọ́ọ̀ fà á torí afẹ́fẹ́ máa ń bá a wọlé. Tẹ́ẹ bá ṣe tiyín lóṣù kẹta tàbí ìkẹrin bíi tèmi, nígbà tí oòrùn Abuja ń yan èèyàn bí àgbàdo, tàbí láàárín ọyẹ́ tí ètè ń là, ẹ máa wo ìtọ̀ yín. Tó bá ti pọ́n bíi tíì, omi ò tó nìyẹn, ẹ má dúró kí òǹgbẹ gbẹ yín, òǹgbẹ náà kì í sábà wá mọ́.

Èkejì, omi àti oúnjẹ ò gbọdọ̀ pàdé nínú ikùn yẹn. Tẹ́ẹ bá jẹun, ẹ dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ẹ tó fẹnu kan omi. Èyí le fún wa torí ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n tọ́ pẹ̀lú ife omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́, òmíràn ò tiẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ àìjẹ́ pó rí omi. Àyè ò sí nínú ikùn tuntun fún àwọn méjèèjì, tí omi bá sì wọlé, ó lè ti oúnjẹ wọ ìfun kíá, kẹ́ẹ máa wá nǹkan mìíràn jẹ láìpẹ́. Èmi, mo máa ń gbé omi kúrò lórí tábìlì pátápátá. Ata ló tiẹ̀ ń mú wa wá omi, ẹ dín ata kù, ẹ ó rí i pé omi ò ní máa pè yín tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ti le jù fún àwa Yorùbá: òkèlè

Gbogbo ìwé tí mo kà, wọ́n ní kí èèyàn jẹ oúnjẹ lẹ́nu tó nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìgbà kó tó gbé e mì. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń jẹ àmàlà lẹ́nu? Gbígbé là ń gbé e mì. Ọmọ tó bá ń rún òkèlè lẹ́nu, wọ́n á ní ṣé eyín ń yọ ni. Ìyẹn gan-an ni ohun tó pa mí láyò ní Nyanya, ọ̀nà ọ̀fun mi ti gbà látọjọ́ tó pẹ́ pé òkèlè kì í ṣe ohun tí eyín ń dá sí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Iyán, ẹ̀bà, àmàlà, tùwó, sẹ̀mó, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n lẹ̀, wọ́n máa ń dì pọ̀ sí ojú kan, búrẹ́dì rírọ̀ àti ìrẹsì náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan òkèlè mọ́ títí di oṣù kẹfà. Nígbà tí mo padà sí i, mo fi ọwọ́ wọn ọ́n: kí òkèlè má ju èékánná ìka kékeré lọ, kí n fi eyín tẹ̀ ẹ́ títí tó máa fi yọ́ mọ́ ọbẹ̀ lẹ́nu, kí n gbé e mì, kí n wá ju ọwọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ yẹn gbọ́dọ̀ kúrò nínú abọ́ pátápátá o. Tẹ́ẹ bá fi í síbẹ̀, ẹ wò ó, ó ti ń dá òmíràn kẹ́ẹ tó mọ̀. Mo ń jókòó lé ọwọ́ òsì mi, ọwọ́ ọ̀tún á wà lórí itan, àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Oúnjẹ kan ò gbọdọ̀ tán ní kíá ju ogún ìṣẹ́jú lọ, kò sì yẹ kó ju ọgbọ̀n lọ, tó bá ti ju bẹ́ẹ̀ lọ ẹ ti ń jẹ̀ bí ewúrẹ́ nìyẹn.

Abọ́ náà, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Àwo tí wọ́n fi ń gbé ife tíì ni mo fi ń jẹun, ṣíbí ọmọdé ni mo fi ń bù ú. Ìwọ̀n kékeré inú abọ́ ńlá, ojú máa ń sọkún. Nínú àwo kékeré, ojú á ní ó kún.

Ìkìlọ̀ ìkẹyìn lórí èyí: ẹ kọ́ àmì tí ikùn tuntun fi ń sọ pé ó tó. Kì í ṣe bí ti àtijọ́ tí ikùn á le bí ìlù. Tèmi, imú mi á kàn ṣàn, tàbí kí n sín, tàbí kí àyà mi ṣe bí ẹni pé ohun kan dúró síbẹ̀. Òmíràn máa ń sọ̀ṣúkè. Àmì yẹn bá ti dé, oúnjẹ parí, kódà kó ku ẹyọ ẹja kan ṣoṣo.

Kí lẹ ó kọ́kọ́ fi sẹ́nu

Púrótíìnì. Ìwọ̀n tí wọ́n máa ń sọ ni gíráàmù 60 sí 80 lóòjọ́. Ẹyin kan ò ju bíi gíráàmù 6 lọ, ẹja tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ lè ní tó 20, ẹ máa ṣírò ẹ̀, ẹ ó rí i pé kì í ṣe eré. Tẹ́ẹ bá kọ́kọ́ fi ìrẹsì kún ibẹ̀, kò sáyè mọ́. Ẹja tàbí ẹran tàbí ẹyin lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀fọ́ tẹ̀lé e, ìrẹsì tàbí iṣu ló máa kẹ́yìn tó bá ṣẹ́ kù sílé. Mo mọ̀ pé ó lòdì sí bí wọ́n ṣe tọ́ wa, nílé wa ẹran ló máa ń kẹ́yìn, ọmọ tó bá kọ́kọ́ jẹ ẹran, olè ni wọ́n ń pè é. Ẹ jẹ́ olè lọ́tẹ̀ yìí.

Ní ìlú tá a wà yìí, ẹran ò wọ́n wa lójú, òórùn sùyà ń bẹ ní gbogbo ìkóríta lálẹ́. Sùyà àti kílíṣí jẹ́ púrótíìnì lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbẹ, wọ́n le, yájì ẹ̀ ń ta. Mo fi kílíṣí sílẹ̀ fún odindi ọdún kan. Ẹran adìyẹ gan-an, àyà ẹ̀ tó gbẹ máa ń há mi títí dòní, itan ni mò ń jẹ, nínú ọbẹ̀ tó ṣàn. Ẹja tútù ló bá mi lára mu jù. Dambu nama, ẹran gbígbẹ àwọn Hausa tí wọ́n ti gún kúnná, náà dáa lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, tí epo ẹ̀ ò bá pọ̀. Zogale, ìyẹn ewé moringa, tí wọ́n sè rọ̀, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kí wọ́n gún kúlíkúlí ẹ̀ kó kúnná dáadáa.

Súgà ńkọ́? Ẹ jẹ́ n sọ ti màlítì fún yín. Oṣù kẹrin, ìrọ̀lẹ́, gosíló láti Central Area dé Kubwa, mi ò tíì jẹun látàárọ̀, ẹnì kan gbé màlítì tútù wá sẹ́nu wíńdò ọkọ̀. Mo mu bí ìdajì. Ká tó dé Gwarinpa, ọkàn mi ti ń lù kìkì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, inú ń rù mí, ojú ń ṣú mi. Dọ́ǹpìn ni wọ́n ń pè é. Súgà tó já lu ìfun lójijì ló máa ń fà á, ó wọ́pọ̀ jù lára àwọn tó ṣe bypass, ṣùgbọ́n àwa tá a ṣe sleeve náà ò bọ́. Ó lè wáyé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ọgbọ̀n téèyàn jẹun, tàbí kó dúró di wákàtí kan sí mẹ́ta kí súgà inú ẹ̀jẹ̀ wá já wálẹ̀ pátápátá. Kóòkì, màlítì, sóbò onísúgà, yógọ́ọ̀tì inú ike tí wọ́n ti pò súgà mọ́, ẹ yẹra. Ohun mímu tó ń hó tún máa ń fi afẹ́fẹ́ kún ikùn kékeré yẹn. Ọtí ńkọ́, ẹni tó bá ń mu ún, kó mọ̀ pé kíá ló ń gun èèyàn lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, ìdajì ife lè mú un ta gọ̀ọ̀gọ̀ọ̀. Sìgá, rárá, ó ń dá egbò sínú ikùn.

Oògùn

Fítámì kì í ṣe ti oṣù kan méjì, títí ayé ni. Oúnjẹ kékeré ò lè gbé gbogbo ohun tí ara ń fẹ́, bypass sì tún fo ibi tí ìfun ti ń fa àwọn kan. Èyí tí wọ́n kọ fún mi ni mọ́tífítámì, B12, calcium citrate pẹ̀lú fítámì D, àti oògùn irin tó ń fún ni lẹ́jẹ̀. Ẹ má lo calcium àti irin pọ̀, wọ́n ń di ara wọn lọ́wọ́, ẹ fi wákàtí méjì sáàárín wọn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà, ọdún kan, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Mo mọ ìwà wa, ara bá ti yá báyìí, a ò ní padà sọ́sibítù.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń lo oògùn ìtọ̀ súgà tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ jẹ́ kí dókítà tún ìwọ̀n ẹ̀ wò láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Súgà máa ń já wálẹ̀ kíá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ yìí, kódà kó tó di pé ẹ fọn, tẹ́ẹ bá wá ń lo ìwọ̀n àtijọ́ lọ, ó lè gbé yín ṣubú.

Tẹ́ẹ bá lọ sí kẹ́míìsì tẹ́ẹ ní ẹ̀yìn ń dùn yín, diclofenac tàbí ibuprofen ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ẹ má gbà á. Ó lè dá ọgbẹ́ sílẹ̀ nínú ikùn tuntun yẹn, ó léwu gan-an fún ẹni tó ṣe bypass. Paracetamol lẹ ó béèrè. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n rẹ sínú ọtí náà, ẹ máa kí i lókèèrè.

Àwọn obìnrin, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ fi oyún sílẹ̀ fún oṣù 12 sí 18. Bẹ́ẹ bá ṣe ń fọn, oyún máa ń tètè dúró, ẹni tó ti ń wá a látọdún yìí wá lè kàn bá a lójijì, oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí wọ́n ń gbé mì sì lè má ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, pàápàá lẹ́yìn bypass. Ẹ béèrè ti abẹ́ awọ tàbí òmíràn.

Kí ló yẹ kó gbé yín sáré? Ibà, ìrora ikùn tó ń pọ̀ sí i, èjìká òsì tó ń dùn, ọkàn tó ń lù ju 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan nígbà tẹ́ẹ jókòó jẹ́ẹ́, mímí tí ò délẹ̀, ẹsẹ̀ kan tó wú tó ń ro, ẹ̀jẹ̀ nínú èébì, ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà. Omi lásán tí ò dúró nínú yín fún odindi ọjọ́ kan náà wà níbẹ̀. Ẹ má pe àlùfáà tàbí wòlíì kẹ́ẹ tó pe ọsibítù. Èébì tó bá sì ń bá a lọ fún ọjọ́ púpọ̀ máa ń tán fítámì B1 lára, ojú á máa rí nǹkan ní méjì-méjì, ẹsẹ̀ á máa ta gọ̀ọ̀gọ̀ọ̀, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fún yín ní B1 kí wọ́n tó so dírípù onísúgà.

Àwọn èèyàn

Ọ̀rọ̀ tó le jù rèé. Nígbà tí mo sanra, òrọ́bọ̀ ni wọ́n ń pè mí, ó dùn mọ́ wọn. Nígbà tí mo fọn, oṣù kẹrin, ojú mi rù kí ara mi tó dọ́gba, àwọn ará ọ́fíìsì ń bi ara wọn bóyá àrùn burúkú ló ń ṣe mí, ẹnì kan lọ bá ọkọ mi ní ó yẹ ká lọ ṣe àyẹ̀wò o. Ẹ pinnu ṣáájú ẹni tẹ́ẹ máa sọ fún. Èmi sọ fún mẹ́rin: ọkọ mi, ìyá mi, àǹtí mi kan, àti ọ̀gá mi lọ́fíìsì torí kí n lè máa jáde lọ jẹun ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn tó kù, mo ní "mo dín oúnjẹ kù ni". Irọ́ kọ́ nìyẹn ṣá.

Òde Sátidé ńkọ́? Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá kọ oúnjẹ olóde, ó ti kọ olóde. Ẹ má sọ pé ẹ ò jẹ. Ẹ gba abọ́, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ jẹ ìdajì ẹja ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ máa sọ̀rọ̀, ẹ wá ní "ẹ bá mi wé e sínú náílọ́ọ̀nù, bàbá àwọn ọmọ fẹ́ràn jọ̀lọ́ọ̀fù yín." Kò sólóde tí inú ẹ̀ ò ní dùn. Ọkọ mi ti fi kílò márùn-ún sanra lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá mi ló ṣòro jù. Ó ń rí mi tí mò ń jẹ ṣíbí mẹ́ta, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀, ó ní òun ò bí mi kí ebi máa pa mí. Mi ò bá a jiyàn. Mo ní kó wá máa bu oúnjẹ mi fúnra ẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí kékeré yẹn, kó máa wo àkókò, kó máa sọ fún mi tí ogún ìṣẹ́jú bá pé. Ó di ọlọ́pàá mi. Kò sẹ́ni tó lè yọ́ jẹ kéèkì nínú ilé yẹn mọ́.

Ààwẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ramadan àkọ́kọ́, dókítà mi ní kí n má gbà á, wàhálà ẹ̀ kì í ṣe ebi, omi ni, kò sí bẹ́ẹ ṣe lè mu lítà kan àbọ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀bù oògùn ikọ́ láàárín ìṣínu àti sààrì. Aláìsàn lè san án padà nígbà tó bá yá, ẹ̀sìn fàyè gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ bá pásítọ̀ yín sọ̀rọ̀ ṣáájú.

Irun mi bẹ̀rẹ̀ sí í re lóṣù kẹrin, gbogbo ilẹ̀ báfúrúùmù kún fún irun, mo sunkún. Ó máa ń wọ́pọ̀ láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà, ó sì ń padà hù, ẹ ṣáà má fi púrótíìnì àti irin ṣeré, kẹ́ẹ fi irun àfikún wíwúwo àti dídì tó le sílẹ̀ ná. Aṣọ, ẹ má rán aṣọ tuntun kí ọdún tó yí po, ẹ máa fún télọ̀ ní ti àtijọ́ kó máa gbà á wọlé. Ìrìn rírìn, láti ọjọ́ kejì ni, nínú ilé, kí ẹ̀jẹ̀ má dì lẹ́sẹ̀, ẹrù wúwo ló máa dúró tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní báyìí mo ń rìn yí Jabi Lake ká láàárọ̀ Sátidé kí oòrùn tó mú.

Ìwọ̀n náà ńkọ́, òṣùwọ̀n? Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹta, ó máa ń dúró gbagidi, gbogbo èèyàn á rò pé wọ́n ti jẹ owó òun, ó máa tún lọ. Ibi tó ti léwu ni lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀, nígbà tí ebi bá padà dé. Ó padà dé sí èmi lọ́dún tó kọjá, mo rí i pé mi ò jẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò dúró: bísíkíìtì kan, ẹ̀pà díẹ̀, tíì onímílíìkì, chin-chin ọmọ. Gbogbo ẹ̀ ń yọ́ kọjá ikùn kékeré yẹn bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Kílò mẹ́rin padà wá. Mo tún gbé kọ́ọ̀bù oògùn ikọ́ àti àwo ife tíì síta, mo kó bísíkíìtì sókè kọ́bọ́ọ̀dù níbi tọ́wọ́ mi ò dé, mo padà sí gbẹ̀gìrì, mẹ́ta lọ nínú mẹ́rin.

Ẹni tó bá máa rìnrìn àjò lọ sílé, bíi tèmi tí mò ń gba Lọ́kọ́ja lọ Ìlọrin, kẹ́ẹ gbé fúláàsì ẹyin sísè àti wàrà dání, ẹ má gbọ́kàn lé búkà ọ̀nà. Kẹ́ẹ sì kọ ìwé kékeré kan sínú wọ́lẹ́ẹ̀tì: irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún yín, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, nọ́ńbà dókítà yín, pé ẹ ò gbọdọ̀ lo diclofenac, àti pé kí wọ́n má ṣe ti rọ́bà gba imú yín wọ ikùn láìpe dókítà yẹn. Tèmi wà lẹ́yìn káàdì ATM, mo fi sẹ́lótéèpù bò ó kí omi má bà á jẹ́.